Ọkọ Nagaveni Kò Mu Kọfí Mọ́

Láti ọjọ́ tí Puttaswamy ti dé láti Kashi ni kò ti fẹnu kan kọfí mọ́, bẹ́ẹ̀ kọfí ni iṣẹ́ rẹ̀.

Òun àti Nagaveni ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù kọfí tó wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì ní àdúgbò wa ní Mysuru. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé kò ní rí àga, á dúró síta, á sì gbé ife rẹ̀ lé orí ọ̀kadà ẹlòmíì. Ọkọ ló ń yan kóró kọfí, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun náà ló ń da omi gbígbóná lé e lórí nínú asẹ́ idẹ kí ògidì rẹ̀ lè máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ló ń se mílíìkì, òun ló ń pò ó mọ́ ògidì, tí yóò gbé ife kan sókè, tí yóò máa dà á sínú èkejì títí yóò fi yọ ìfófòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan kò dá sí iṣẹ́ ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ Sudha ọmọ wọn dàgbà títí tó fi lọ sílé ọkọ.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá lọ wẹ̀ nínú odò mímọ́ Ganga ní ìlú Kashi ní láti fi oúnjẹ kan tó fẹ́ràn sílẹ̀ fún Ọlọ́run kó tó padà sílé, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ mọ́ títí tí yóò fi kú. Bí àwọn èèyàn ṣe ń rẹ́ Ọlọ́run jẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fẹnu sọ. Ìyá Kempaiah télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn, fi èjìnrìn sílẹ̀, èjìnrìn tí kò jẹ rí láti kékeré. Ẹnì kan tún wà tó fi èso kan sílẹ̀ tí wọn kì í tà ní gbogbo agbègbè wa, ó sì ń fọ́nnu káàkiri.

Nítorí náà, nígbà tí Puttaswamy sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tó wọlé, tí ó ti rù, tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, tí Nagaveni sì gbé kọfí fún un kó tó bọ́ bàtà, ọ̀rọ̀ tó tẹnu rẹ̀ jáde ya gbogbo àdúgbò lẹ́nu.

"Gbé e kúrò," ó ní. "Mo ti fi kọfí sílẹ̀ ní Kashi."

"Ẹ ti fi kí ni sílẹ̀?"

"Kọfí. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí. Ẹni tó ń ta kọfí, tó ń yan án, tó ń lọ̀ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́, kò ní tọ́ ọ wò mọ́ láyé! Tíṣà Hiriyanna, tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti ń mu kọfí wọn kí Sudha tó mọ̀ ọ́n rìn, ṣí fìlà fún un lójú ọ̀nà. Kempaiah télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti fi èjìnrìn sílẹ̀ kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́.

Nagaveni nìkan ni kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Ó gba Ọlọ́run gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìgbàgbọ́ tó lè gba kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Kashi? Ìbéèrè yẹn wọ̀ ọ́ lára, kò sì jẹ́ kó rímú mí. Tó bá ń se mílíìkì, á máa rò ó. Tó bá ń fọ ife, á máa rò ó.

Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá àìsàn kan ló wà lára rẹ̀ tí kò fẹ́ kí òun mọ̀. Ó tú báàgì rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí oògùn kankan. Ó wá rò ó pé àbí obìnrin kan ni? Ó rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń han-anrun, ó sì bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Ohun kẹta tó rò ni kò pa á lẹ́rìn-ín. Àbí ọwọ́ òun ló ti sú u? Òun ló ń po kọfí tí ó ń mu láti ọjọ́ tí òun ti wọlé rẹ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀ láyé, tó sì jẹ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún un láràárọ̀ ló mú, kí ni èèyàn fẹ́ kó rò?

Ó bi í léèrè lọ́jọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù dá.

"Bàbá Sudha, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ kọfí?"

"Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn ló ń fi sílẹ̀ ni?"

"Ẹ fẹ́ràn àádùn tẹ́ńpìlì náà."

"Ìyá Sudha, fi mí sílẹ̀ o."

Ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ìgbà náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ bá ń yan kóró kọfí nínú àgbá irin tí ó ń fọwọ́ yí lórí iná, ó lè kẹ̀yìn sí i kó máa bá Tíṣà jiyàn lórí ìdìbò. Tó bá ṣe díẹ̀, á fa imú, á ní, "Ó ti tó," á sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Ní báyìí, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nídìí iná mọ́. Á dorí kodò sínú àgbá, á máa wò ó, á máa wò ó, á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á tún dà á padà. Kì í ṣe bí ẹni mímọ́ ṣe ń wo nǹkan nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé ṣe ń wo ìdánwò ni.

Kọfí náà sì ti yàtọ̀. Láàárọ̀ òní á jó, láàárọ̀ ọ̀la á ṣàn bí omi ìfọwọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó ti fi kọfí sílẹ̀ fún Ọlọ́run jà nítorí kọfí? Kempaiah á dijú mu ún bí ẹni tó ń mu àgbo, á ní, "Ó dáa, ó dáa," á sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Tíṣà Hiriyanna bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààbọ̀ sílẹ̀ nínú ife. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Nagaveni rí i tó ń gba òdìkejì títì kọjá, tó ń wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́fíìsì tí wọ́n máa ń dúró síta ti ń lọ síbi ilé kọfí tuntun tó wà ní oríta, níbi tí wọ́n ti ń fi yìnyín sí kọfí. Ṣọ́ọ̀bù wọn ti ń dá ní wákàtí tí kì í dá tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba Nagaveni. Bí àwọn èèyàn wọn bá lọ tán, kí ni òun àti ọkọ òun fẹ́ máa fi ọjọ́ ayé wọn ṣe?

Ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Sudha, nǹkan kan ń ṣe kọfí yìí o."

Ṣe ni ọkùnrin náà fa ojú ro. "Mílíìkì ẹ ni. Lọ wo mílíìkì ẹ dáadáa."

"Mílíìkì mi?"

"Ṣé èmi ni màlúù ni? Mo ní kóo lọ wo mílíìkì ẹ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dọ́kàn. Síbẹ̀ ó lọ wò ó. Ó fi eérú ha ìkòkò títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó bá ìyá tó ń gbé mílíìkì wá fún wọn jà, obìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ó sì lọ gba mílíìkì níbòmíràn. Kọfí kò yí padà. Ó wá ku ọwọ́ òun nìkan tí òun kò tíì pààrọ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Girijamma, ẹ̀gbọ́n Puttaswamy lóbìnrin, wá kí wọn. Opó ni, òun ni Puttaswamy sìn lọ sí Kashi láti lọ da eérú òkú ọkọ rẹ̀ tí wọ́n sun sínú odò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, abúlé ló ti wà. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nagaveni fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tún fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kọfí yìí tí oúnjẹ bá ti tán.

Ìgbá lẹ̀gbọ́n fẹ́ràn jù, àwọn ìgbá àlùkò ńláńlá yẹn. Nagaveni gbé wọn lé orí ẹyin iná gan-an títí èèpo wọn fi jó dúdú, tí òórùn wọn gba gbogbo ilé, tó sì jáde sí títì. Kempaiah pariwo láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, "Ìyá Sudha, ìgbá lẹ ń sun yẹn o! Ẹ má gbàgbé aládùúgbò!" Nagaveni rẹ́rìn-ín. Ó bó wọn, ó gún wọn, ó pò wọ́n mọ́ wàrà kíkan pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, ó sì da òróró gbígbóná lé e lórí, bó ṣe máa ń po kùkúmbà. Puttaswamy ń wẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé.

Wọ́n jókòó. Ìyàwó bu oúnjẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Puttaswamy po ìrẹsì rẹ̀ mọ́ ọn, ó jẹ ẹ́, ó tún bù sí i.

"Kùkúmbà yìí rọ̀ dáadáa," ó ní.

Ọwọ́ Girijamma dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

"Putta. Kí lò ń jẹ yẹn?"

"Kùkúmbà."

"Kùkúmbà bàbá ta? Ìgbá nìyẹn! Putta, ìgbá! Ṣé kì í ṣe ojú èmi yìí lo fi wọ inú odò Ganga, tí omi mù ọ́ dé ìdodo, tí o sì sọ fún Ọlọ́run pé o ò jẹ ìgbá mọ́ láyé? Tu ú dànù!"

"Ìgbá kẹ̀?" Nagaveni ní. "Ẹ̀gbọ́n, kọfí ni wọ́n fi sílẹ̀."

"Ta ló fi kọfí sílẹ̀? Èyí? Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, ó mu kọfí títí mo fi rò pé ó fẹ́ mu ún tán ní ìlú náà. Ìgbà tí ibà gbé e ṣánlẹ̀ ni kò lè mu nǹkan kan mọ́. Ìwọ Putta, ohun tí o kọ̀ lójú Ọlọ́run lò ń jẹ lójú mi! Ta lò ń fojú òpè wò, èmi ni àbí Ganga?"

Girijamma ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Nagaveni kò gbọ́ ọ mọ́. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Puttaswamy tẹjú mọ́ ewé tó wà níwájú rẹ̀, ó ń fi ìka yí oúnjẹ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òógùn ti bò ó. Kempaiah mọ̀ láti òdìkejì títì pé ìgbá ni. Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Ẹni tó fi í sẹ́nu nìkan ni kò mọ̀.

Ó dìde, ó lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agolo kọfí tí wọ́n lọ̀ láàárọ̀ wá. Ó ṣí i, ó gbé e sábẹ́ imú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ dijú, Bàbá Sudha. Kí lèyí?"

Ọkùnrin náà dijú. Ó fa èémí títí àyà rẹ̀ fi gbé sókè, ó sì dá èémí náà dúró bíi pé nǹkan kan ṣì lè wá. Nǹkan kan kò wá.

"Má dá ara ẹ lóró," ó ní. "Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Láti ìgbà tí ibà yẹn ti lọ ni. Kò sí òórùn, kò sí adùn. Gbogbo ohun tí mo bá fi sẹ́nu, òòwú ni."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí n ní kí ni? Kí lèmi jẹ́ tí mi ò bá gbọ́ òórùn kọfí? Lọ́jọ́ tí mo dé, o gbé kọfí dúró níwájú mi, ò ń wo ojú mi bí o ṣe máa ń wò ó. Mo mọ̀ pé tí mo bá mu ún, o máa rí i lójú mi pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Irọ́ tó kọ́kọ́ sọ sí mi lẹ́nu ni mo pa."

"O pa irọ́ mọ́ Kashi!" Girijamma ké. "Ọlọ́run máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ sí mi lọ́rùn, á ní èmi ni mo mú ọ wá!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun," Nagaveni ní. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Inú ń bí i, àánú sì ń ṣe é, kò sì mọ èwo nínú méjèèjì ni kó kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀. "Mo bínú o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ mú kí n bá ìyá onímílíìkì jà. Ẹ mú kí n ha ìkòkò títí ọwọ́ mi fi bó. Mo rò pé ọwọ́ mi ló sú yín."

"Ọwọ́ ẹ kẹ̀?" Puttaswamy ní, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìgbá tí kò yẹ kó jẹ. "Òórùn ọwọ́ ẹ gan-an ni mo kọ́kọ́ wá nígbà tí mo wọlé. Mi ò rí i."

Nagaveni jókòó tì í. Àwọn méjèèjì sunkún díẹ̀, Girijamma náà bá wọn sunkún, ó sì jẹ ìgbá tirẹ̀ tán. Wọ́n fẹnu kò pé Puttaswamy yóò lọ rí dókítà, yóò sì lọ bẹ Ọlọ́run ní tẹ́ńpìlì nítorí ìgbá.

"Ní ti kọfí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Nagaveni ní. "Ẹ̀jẹ́ lẹ jẹ́. Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé ẹni tó ń yan kọfí wọn kò nímú, ta ló máa wọlé wa?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì wà nídìí iná. Ọkọ ń yí àgbá, ìyàwó dúró lókè rẹ̀. Nagaveni kò ṣe iṣẹ́ yìí rí.

"Kí lo gbọ́?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ó ń rùn bíi koríko."

"Kò tíì tó. Báyìí ńkọ́?"

"Bíi búrẹ́dì."

"Ó kù díẹ̀. Má sọ̀rọ̀. Ṣáà máa fa imú."

Nagaveni dijú. Òórùn náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ó ń dùn, ó ń ki, ó sì kàn ṣàdédé dàbí àárọ̀ gbogbo tí òun ti jí sí nínú ilé yìí. "Ó ti tó!" ó kígbe. "Ẹ gbé e! Ẹ gbé e!"

Puttaswamy wo inú àgbá. Lójú tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì pọ́n tó. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ògidì kán tán, Nagaveni tọ́ ọ wò láìsí mílíìkì, láìsí ṣúgà, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ojú rẹ̀ rún. "Ó korò o!" Ọkọ rẹ̀ bi í bóyá ìkorò náà dúró sí ọ̀nà ọ̀fun tàbí ó ń lọ. Ó ní ó ń lọ. Ọkọ rẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Puttaswamy ló jáde lọ pe Tíṣà Hiriyanna nígbà tó rí i ní òdìkejì títì. Tíṣà kọ́kọ́ ń ṣàwáwí, ṣùgbọ́n ẹni mímọ́ ló ń pè é, kò lè kọ̀. Ó jókòó sí àyè rẹ̀. Kempaiah náà ti dé, ó ti ń múra láti dijú mu ún. Nagaveni gbé ife síwájú wọn, ó sì dúró, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò lómi.

Tíṣà fi ẹnu kàn án. Ó dúró. Ó tún mu ún, ó mu ún tán, ó sì gbé ife sílẹ̀.

"Ó ti padà," ó ní. "Ọlọ́run, o ṣeun. Puttaswamy, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ahọ́n mi ti ń kú ni. Àgbà ti dé, mo ní bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ahọ́n á kọ́kọ́ lọ, kí ojú tó tẹ̀lé e. Mo ti lọ rí dókítà, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo ti ń pín ìwé mi fún àwọn ọmọ mi."

Nagaveni wo ọkọ rẹ̀, ó ń fi ojú sọ fún un pé kó dákẹ́. Puttaswamy kò wo ibi tó wà.

"Tíṣà, ahọ́n yín kò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Imú mi ni. Imú mi kú ní Kashi. Mi ò fi kọfí sílẹ̀ fún Ọlọ́run kankan, ìgbá ni mo fi sílẹ̀, mo sì ti jẹ ẹ́. Kọfí tí ẹ ti ń mu láti ìgbà tí mo ti dé, ìdọ̀tí ni, ẹ forí jì mí."

Kempaiah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo gbààwẹ̀!" ó ní, ó fọwọ́ lu itan. "Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ló kó sí mi lẹ́nu! Mo ní kọfí ẹni mímọ́ kò lè burú, èmi ni mo burú! Mo ti bẹ ìyàwó mi fún ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ṣe!"

Tíṣà wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti ikùn, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. Àwọn tó dúró síta yọjú wọlé láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ara wọn. Ó wá di pé kálukú ń sọ ohun tí òun ti rò pé ó ń ṣe ahọ́n òun.

"Tòní ńkọ́?" Tíṣà bi í. "Ta ló yan tòní?"

Puttaswamy nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i, ojú sì ti Nagaveni débi pé ó kẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po ife kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Ó gbé e sókè, ó dà á sísàlẹ̀, ó tún gbé e sókè. Nígbà tí ìfófòó dé etí ife, ó gbé e lọ fún ọkọ rẹ̀.

Puttaswamy mu ún lójú gbogbo èèyàn.

"Báwo ló ṣe rí?" Nagaveni bi í.

"Ó gbóná," ó ní. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì kí ìyàwó rẹ̀ lè jókòó, ó sì na ife náà sí i. "Tọ́ ọ wò. Kóo sọ ìyókù fún mi."